Ta Ni Yóò Bá Mi Gun Àtẹ̀gùn Náà?

Orúkọ mi kò sí lára ògiri náà. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí ẹni pé orúkọ mi lè yọ́ wọlé nígbà tí mo bá gbójú kúrò. Àwọn tó dúró lẹ́yìn mi ń tì mí, wọ́n fẹ́ rí tiwọn. Obìnrin kan pariwo “Jésù, o ṣé!” sí mi létí. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú báàgì.

Ilé-ẹ̀kọ́ òwò ni, ní Anthony ní Èkó, ní àjà òkè ilé kan tí ṣọ́ọ̀bù olóògùn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báǹkì ló dá a sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kọ́ni, kí ọlọ́jà lè ti ọjà dé. Wọn kì í béèrè sátífíkéètì. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí èèyàn ti ní òwò kan lọ́wọ́, kó wá jókòó níwájú wọn, kó sì sọ nípa òwò náà kí wọ́n tó gbà á.

Èyí ló ki mí láyà. Ọdún kejì ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo bá ìwé dé nígbà tí bàbá mi kú, tí àbúrò rẹ̀ obìnrin mú mi wá sí Ìkòsí láti Ṣágámù, tó sì fi mí sẹ́nu òwò ata tirẹ̀ ní Mile 12. Òun ni mò ń pè ní Àǹtí. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí ọmọ ilé-ìwé tó ń fi rúlà gbá itan ara rẹ̀ níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gba rúlà náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí n kàn dì í mú fúngbà díẹ̀.

Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ tí mi ò rí orúkọ mi náà ni mo pàdé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, obìnrin kan tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti ọkùnrin. Mi ò rò pé ó lè dá mi mọ̀.

“Ìwọ lo wá pẹ̀lú Àǹtí ẹ, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Má bínú o. Tún wá nígbà tí a bá fẹ́ gba àwọn mìíràn. Àmọ́ Àǹtí ẹ la rí lọ́jọ́ yẹn. A ò rí ẹ. Tó o bá ń bọ̀, jẹ́ ká rí ẹ.”

Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo ní, “Ẹ ṣé, mà.” Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Mo wà níbẹ̀, mo jókòó lórí àga, mo wọ búláòsì tuntun. Báwo ni wọn ò ṣe rí mi?

Ní ilé wa, kò sẹ́ni tó ń fa ara rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, àgbà ló máa mú un lọ. Àgbà ló máa bẹ ọ̀gá, àgbà ló máa gbọ́ òfin, ọmọ á kàn wà ní ìkúnlẹ̀, á máa wo ilẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yìí fún Àǹtí mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: “Ta ló máa mú ẹ lọ?” Kó tó di pé mo dáhùn, ó ti ń yẹ léèsì ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wò.

A gun àtẹ̀gùn náà pọ̀. Wọ́n bá wa wá àga kejì. Ọkùnrin kan tó wọ gíláàsì wò mí, ó ní, “Kí lo máa ń ṣe gan-an nídìí òwò yìí?” Mo wo Àǹtí mi. Ọmọ kì í dáhùn ọ̀rọ̀ ìsọ̀ níbi tí onísọ̀ bá jókòó sí.

“Ó máa ń bá mi ṣa ata, ọ̀gá,” Àǹtí mi dáhùn. “Ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Kì í jalè, kì í yájú, kì í dúró bá ọkùnrin sọ̀rọ̀.”

“Àwọn wo ló ń ra ọjà lọ́wọ́ ẹ?” Èmi náà ló tún bi.

“Gbogbo èèyàn ló ń ra ọjà wa o. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.”

Bẹ́ẹ̀ ni ó lọ títí dé òpin. Nígbà tí wọ́n ní ó tó, Àǹtí mi fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ pẹ̀lú léèsì rẹ̀. “Ẹ dákun, ẹ gbà á fún mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, bàbá ẹ̀ ti kú. Tó bá ṣẹ̀ yín, ẹ nà án, mi ò ní bi yín.” Ọkùnrin onígíláàsì fi ọwọ́ bo ẹnu. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, Àǹtí mi di apá mi mú: “O rí i bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín? Wọ́n ti gbà ẹ́. Wọ́n fẹ́ràn mi.”

Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro fún mi láti padà lọ sọ fún un pé orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Mo bá a nídìí apẹ̀rẹ̀ tòmátì, ó ń bu omi nù ún lójú. Mo sọ ọ́ ní ìsọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ mi, ó ní kí n tún un sọ. Nígbà tó gbọ́, ó gbé rágì sílẹ̀.

“Wọ́n fojú di mí ni,” ó ní. “Ẹ̀bi tèmi ni. Mo dá nìkan mú ẹ lọ bíi pé o ò lẹ́nìkan. Tá a bá máa tún lọ, a máa pọ̀.”

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó máa bá wa lọ. Olórí àwọn aláta ní ìlà wa, nítorí pé ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, nítorí pé ó ní mọ́tò. Mo dúró, mo ń fi ẹsẹ̀ kan ha èkejì. Mo fẹ́ sọ ohun tí obìnrin tó gé irun mọ́lẹ̀ sọ fún mi, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ wí i? Pé ẹ̀yin ni wọ́n rí, mà, ẹ̀yin sì ni kò yẹ kí wọ́n rí?

Láti ọjọ́ náà ni ara mi ò ti balẹ̀ mọ́. Mo da ata rodo mọ́ ṣọ̀mbọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ kan náà. Mo fi ọwọ́ ata nu ojú, ohun tí mi ò ṣe rí láti ìgbà tí mo ti dé ọjà, mo sì ń fò sókè láàárín ìsọ̀ bí adìẹ tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára. Gbogbo ẹni tí mo bá rí ni mo ń fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni kí n ṣe kí wọ́n lè gbà mí, ṣùgbọ́n mi kì í lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àfi kí wọ́n bi mí kí ló ń ṣe mí.

Ìyá télọ̀ tó wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa bi mí. Ó ní òyìnbó ni. “Kí lo tún ń rò? Òyìnbó ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Àwọn tó ṣiṣẹ́ báǹkì!” Mo lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún lẹ́sìnnì ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Kétu. Àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdírì ni mo bá níbẹ̀, eékún mi ga ju tábìlì lọ. Tíṣà kọ́ mi ní gbólóhùn òyìnbó kan tó gùn, tó túmọ̀ sí pé mo jẹ́ oníṣòwò ohun tó máa ń tètè bàjẹ́. Mo ń kà á sínú, mo ń kà á síta, mo ń kà á fún apẹ̀rẹ̀.

“Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?” Àǹtí mi bi mí.

“Kò sí, mà.”

“Kò burú. Kí tòmátì náà gbọ́ òyìnbó díẹ̀ kó tó bàjẹ́.”

Ọ̀rẹ́ mi kan wà nígbà náà tó ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn lójú ọ̀nà Ìkòsí. Fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn ni, ọ̀pọ̀ ló sì ń dúró níwájú rẹ̀ láti pe ará ilé wọn. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ayé, nítorí náà ó gbà pé òun mọ bí ayé ṣe ń lọ.

“Wò ó,” ó ní, “kò síbi tí wọ́n ti ń gba èèyàn láìmọ èèyàn ní Èkó yìí. Wá ẹni ńlá kan kó bá ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Kò sí kánsẹ́lọ̀ kankan ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ni?”

“Mi ò mọ kánsẹ́lọ̀ kankan.”

“O ò mọ ẹnì kankan. Wàhálà ẹ nìyẹn. O ti dúró síbí látàárọ̀ bí ẹni tó jí nǹkan. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, o ò lè ní kí n fún ẹ lómi.”

“Mi ò béèrè omi.”

“Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn!” Ó gbé omi inú ọ̀rá lé mi lọ́wọ́, ó yíjú sí kọ́sítọ́mà mìíràn.

Mo mu omi náà. Òótọ́ ni pé òùngbẹ ń gbẹ mí.

Mo gbààwẹ̀. Mo ronú pé bóyá kí n kúkú padà lọ parí sẹ́kọ́ńdírì, kí n ní ìwé lọ́wọ́, ìgbà yẹn ni kí n tó padà sí Anthony. Lówùúrọ̀ òyìnbó ni màá kọ́, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán kánsẹ́lọ̀ ni màá wá, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó ti sú mi, mo ti gbà pé kò sí ohun tó kàn mí kan ilé-ẹ̀kọ́ òwò. Ọjọ́ kejì, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà mìíràn tí a bá ti pa ọjà dé, màá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Anthony láìní ohun tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀. Màá dúró ní òdìkejì títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tó ń ta ọsàn, màá máa wo àwọn tí wọ́n gbà bí wọ́n ṣe ń dé. Mo máa ń ra ọsàn kan kí ó má baà bi mí kí ni mò ń wá. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gun àtẹ̀gùn náà. Obìnrin kan tó máa dàgbà tó Àǹtí mi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì ń gòkè lọ, òun nìkan, ó ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀. Kò sẹ́ni tó mú un wá. Kò sẹ́ni tó máa kúnlẹ̀ fún un. “Jẹ́ ká rí ẹ.” Ohun tí obìnrin tó gé irun mọ́lẹ̀ ń sọ fún mi nìyẹn.

Ó dáa. Bí wọ́n bá fẹ́ rí mi, kí ni mo ní tí mo lè fi hàn?

Mo ní nǹkan kan. Lọ́dún tó ṣáájú, odò Ògùn kún, omi gba ẹnu ọjà, ẹrẹ̀ sì mu èèyàn dé ojúgun. Àwọn tó ń se oúnjẹ tà ní Ìkòsí àti Kétu, tí wọ́n máa ń wá ra ata fúnra wọn, kò lè wọlé. Ìyá arúgbó kan wà nínú wọn tó ń ta ẹ̀wà, gbogbo wa sì ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́wà. Mo mọ̀ pé láìsí ṣọ̀mbọ̀ gbígbẹ, ọbẹ̀ rẹ̀ kò lè dúdú bó ṣe máa ń fẹ́. Mo ṣà á, mo rù ú lọ bá a. Ó sọ fún obìnrin tó ń ta ráìsì níwájú rẹ̀. Ìyẹn fẹ́ kí tàtàṣé pọ̀ ju tòmátì lọ nítorí àwọ̀. Nígbà tó yá, mo ti ń gba bárò lọ́wọ́ alábàárù láràárọ̀, mo ń gbé ọjà kiri lọ́dọ̀ wọn. Tòmátì tó ti fọ́ nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, tí à ń pè ní ẹ̀ṣà, Àǹtí mi máa ń fi í sílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni, á sì ti bàjẹ́ tán. Èmi ń gbé e lọ ní kùtùkùtù fún ẹni tó máa lọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n wá pọ̀ débi pé mi ò mọ bí mo ṣe lè máa dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn mọ́, àwọn mìíràn sì ń bínú. Ìdí tí mo fi fẹ́ lọ kọ́ òwò gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Àǹtí mi rò pé àwọn kọ́sítọ́mà ìsọ̀ òun ni wọ́n, pé mo kàn ń jíṣẹ́ ni. Mi ò tan án jẹ. Kò bi mí, èmi náà ò sì sọ. Ọjà rẹ̀ ni, ìsọ̀ rẹ̀ ni, oúnjẹ rẹ̀ ni mò ń jẹ. Ẹni tó fún mi ní ilẹ̀ tí mo dúró lé, ṣé èmi ni màá wá máa sọ fún àjèjì pé èmi ni mo kọ́lé? Kí n sọ ọ́ lójú rẹ̀, ìwọ̀sí ni. Kí n sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ ni mí.

Gbogbo ìgbà yìí, Àǹtí mi ò sinmi. Ó ti bá olórí aláta sọ ọ́, ó ti bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sọ ọ́, ó ti fi ìyá ìjọ kan kún un. Ó ra ẹlẹ́rìndòdò mọ́líìtì páálí kan pẹ̀lú bísíkíìtì, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. “A kì í lọ bẹ èèyàn lọ́wọ́ òfo,” ó ní. Ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà tún máa pe àwọn èèyàn ti ń súnmọ́lé. Mo ń rí gbogbo wọn lójú inú mi, bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn náà pẹ̀lú páálí mọ́líìtì, èmi lẹ́yìn.

Mo lọ bá Ìyá Ẹlẹ́wà. Ará apá Ọ̀yọ́ ni, ó dàgbà ju Àǹtí mi lọ dáadáa, kò sì sí ohun tó bá sọ tí Àǹtí mi kì í gbọ́. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Àǹtí mi.”

“Kí lo ṣe?”

“Mi ò tíì ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí n dá lọ sí Anthony ni. Kí wọ́n má mú ẹnì kankan bá mi lọ.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àwo ẹ̀wà. “Jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa. O fẹ́ kí n lọ bá ẹ sọ ọ́, pé kí ẹnì kankan má bá ẹ sọ ọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé àwo náà sílẹ̀. “Yéè! Ọmọ yìí fẹ́ pa mí o! Ẹ bá mi gbọ́!”

“Mi ò lè sọ ọ́ fún wọn fúnra mi, Ìyá.”

“Ẹni tó ń fún ẹ lóúnjẹ lo ò lè sọ ọ́ fún. Àwọn tí kò mọ̀ ẹ́ rí wá ńkọ́? Ṣé wọ́n máa rí ọ̀rọ̀ náà kà lójú ẹ ni?” Ó nu ojú rẹ̀. “Màá bá ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Àmọ́ jíjókòó ni màá jókòó. Tí mo bá la ẹnu, omi ni màá béèrè.”

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi ni a lọ. Àǹtí mi sáré nu àga fún un. “Ìyá, ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé kò sí o?”

“Kò sí. Ọmọ yín ló ní ọ̀rọ̀.”

Mo ti to ọ̀rọ̀ náà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìdúpẹ́ ló yẹ kó ṣíwájú, kí n dúpẹ́ láti Ṣágámù títí dé Ìkòsí. Gbogbo rẹ̀ sá lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, mi ò fẹ́ kí ẹ bá mi lọ.”

Àǹtí mi wò mí. “Ojú mi ń tì ẹ́ ni? Torí pé mi ò gbọ́ òyìnbó?”

“Rárá, mà.”

“Kí wá ni?”

“Tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹnu mi kì í ṣí.”

“Ṣé mo fi ọwọ́ dì í ni?”

“Wọ́n máa bi mí ní ohun tí mò ń ṣe, mà. Mi ò lè sọ ọ́ lójú yín pé èmi ni mò ń ṣe é.”

“Kí lò ń ṣe tí mi ò mọ̀?”

Mo bá sọ ọ́. Mo sọ ti omi tó gba ẹnu ọjà, mo sọ ti ṣọ̀mbọ̀, mo sọ ti ẹ̀ṣà tí mò ń gbé jáde ní kùtùkùtù. Mo sọ ohun tí olúkúlùkù wọn ń fẹ́, àti ẹni tó máa ń bínú bí mo bá pẹ́. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé náà rí. Kápẹ́ẹ̀tì ni mò ń wò, ibì kan tí áyọ́ọ̀nù ti jó o.

“Mo rò pé ọjà wa ló dùn mọ́ wọn,” Àǹtí mi sọ. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó yíjú. “Ìyá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

“Omi yín tutù o,” Ìyá Ẹlẹ́wà dáhùn. “Ẹ tún fún mi díẹ̀.”

Àǹtí mi ò dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ò bá dé láti Òkè Ọya ńkọ́? Mo ní mo máa ń tọ́jú gbígbẹ pa mọ́ dè wọ́n. Tí òjò bá mú wọn má tajà, tí wọ́n ní kí n gbé ọjà padà ńkọ́? Mo ní mo ti mọ ẹni tó kàn tó máa gbà á. Ó ń bi mí, mò ń dáhùn, ohùn òun náà ń le sí i, títí ó fi dé orí èyí tó ti wà nínú rẹ̀ látàárọ̀:

“Tí èmi bá wá ní kó o má kó ọjà mi jáde mọ́ ńkọ́?”

“Mi ò mọ̀, mà.”

“Lọ wá ìdáhùn sí i kó o tó lọ bá wọn.” Ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ìyá Ẹlẹ́wà fi ọwọ́ kàn mí ní èjìká, ó gbé ara rẹ̀ kúrò lórí àga, ó lọ.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àǹtí mi ń bá mi sọ̀rọ̀ ọjà nìkan: gbé ibí, nu tọ̀hún, fún obìnrin yẹn ní ṣéńjì. Kò ní kí n má gbé ọjà jáde. Láràárọ̀ tí mo bá ti ń to bárò, mo máa ń dúró kí n rí i bóyá òní ló máa sọ ọ́. Ó máa ń wò mí, á sì yíjú padà sí apẹ̀rẹ̀. Mo ń wá ìdáhùn náà kiri. Mo lè gba ọjà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ta ló máa fún mi láìní onídùúró? Mo lè bẹ̀ ẹ́. Bíbẹ̀ kì í ṣe ìdáhùn. Mo jáwọ́ nínú lẹ́sìnnì nítorí pé mi ò rí bí gbólóhùn òyìnbó yẹn ṣe lè bá mi dáhùn ìbéèrè yìí. Mi ò tún béèrè kánsẹ́lọ̀ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo délé, mo bá páálí mọ́líìtì ní ṣíṣí láàárín yàrá. Àǹtí mi ń mu ọ̀kan.

“Mu,” ó ní. “Olórí aláta ti ní òun ò ráàyè.”

Mo mọ̀ pé olórí aláta ráàyè. Mo mu ún, ó ti gbóná lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, mo jáde láti ibi tí mo ti ń wẹ̀, mo bá Àǹtí mi nínú léèsì.

“Ẹnu géètì ni màá dé,” ó sọ kí n tó béèrè. “Àbí o fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ojú títì ni mo ti rí ẹ he?”

A wọ bọ́ọ̀sì ní Kétu. Ó ra ọsàn lọ́wọ́ ọkùnrin tí èmi náà máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ní òdìkejì títì, ó tẹ́ áńkáṣífù sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́nu géètì, ó jókòó. Kò wò mí. Mo gun àtẹ̀gùn náà.

Àwọn mẹ́ta yẹn náà ni mo bá. Ọkùnrin onígíláàsì wo ẹ̀yìn mi. “Àǹtí ńkọ́ lónìí?”

“Wọ́n wà nísàlẹ̀, sà.”

“Ó dáa. Kí lo máa ń ṣe?”

Mo bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó gé irun mọ́lẹ̀ tẹ́ etí sílẹ̀. “A ò gbọ́ ẹ. Gbé ohùn sókè.” Mo tún bẹ̀rẹ̀, ohùn mi ò ròkè. Nígbà náà ni mo gbọ́ ikọ́ kan láti orí àtẹ̀gùn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo mọ ikọ́ náà. Òun ni Àǹtí mi máa ń hú bí kọ́sítọ́mà bá ń fẹ́ rẹ́ mi jẹ, tó sì fẹ́ kí n fúnra mi dá a lóhùn. Mo dúró kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀lé e. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Ó húkọ́, ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Mo gbé ohùn sókè. Mo sọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá. Kò dùn létí tó bí mo ṣe fẹ́, mo fo àwọn ibì kan, mo padà lọ mú wọn.

“Ọjà ta wá ni?” ọkùnrin onígíláàsì bi mí.

“Ọjà Àǹtí mi ni, sà. Èmi ni mo wá àwọn tó ń rà á rí.” Mo wo ẹnu ilẹ̀kùn. “Àǹtí mi bi mí pé tí àwọn bá ní kí n má kó ọjà àwọn jáde mọ́ ńkọ́. Mi ò tíì mọ ìdáhùn ẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe tún padà wá.”

Wọ́n wo ara wọn. Obìnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ní kí n máa lọ.

Nígbà tí mo jáde, kò sí ẹnì kankan lórí àtẹ̀gùn, àfi èèpo ọsàn kan. Àǹtí mi wà lórí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ orúkọ, a jọ lọ. Àǹtí mi kò mọ̀wé kà. Ó ní kí n fi ọwọ́ òun lé e. Mo mú ìka rẹ̀, mo gbé e sórí orúkọ mi, ní apá ìsàlẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀ nígbà tí àwọn èèyàn ń tì wá lẹ́yìn.

“Tìẹ nìkan ni wọ́n kọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Wọn ò kọ tèmi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀?”

“Rárá, mà.”

“Hùn.” Ó gbé ìka rẹ̀ kúrò. A yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, síbi tí mo dúró sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì tún un ró lẹ́ẹ̀kejì. “Ọjọ́ wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀?”

“Ọjọ́ Ajé, mà. Láti ìrọ̀lẹ́.”

“Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ àlàájì máa ń kó ata dé láti Òkè Ọya. Ta ló máa bá mi ṣà á?”

Ìbéèrè mìíràn nìyẹn, a ò sì tíì parí ti àkọ́kọ́. Mo rí àwọn kan tó ń gòkè bọ̀, mo rí i pé a ti dí àtẹ̀gùn.

“Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, mà,” ni mo wí.

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ ohùn àlejò nínú ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ó dáa, ó sì di apá mi mú láti sọ̀ kalẹ̀.